Kíbọ́ọ̀dù Aláriwo Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

Ẹni tó bá ti wọ ọ́fíìsì ńlá kan ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ì báà jẹ́ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní gbàgbé ariwo kan. Kì í ṣe ariwo ènìyàn. Ó dà bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ sórí páànù, àmọ́ òjò tó ní ìlù nínú: kákákáká, á dúró díẹ̀, káká, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn táípísì ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé, ariwo náà kò tíì lọ. Ohùn ló kàn yí padà. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ọ́fíìsì wá dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ìlọsíwájú ni ìdákẹ́ yẹn. Èmi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n nǹkan kan bá ariwo yẹn lọ, àwọn kan sì wà káàkiri ayé tí wọ́n ń fi sukudiráfà àti sùúrù wá a padà. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ, àti ìdí tí ó fi kan àwa tí à ń kọ Yorùbá.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ló kàn mí níbẹ̀, iṣẹ́ táípì ni mo kọ́. Ọdún 1976 ni mo wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń kọ́ni ní táípì àti ṣọ́táàndì. Ọ̀gá tó kọ́ wa a máa da aṣọ bo ọwọ́ wa mọ́lẹ̀ kí a má baà rí lẹ́tà tí à ń tẹ̀. Á ní, "Ìka yín ni kó mọ̀nà, ojú yín ò sí lára ẹ̀." Mo di táípísì, mo di olùkọ́ táípì, mo sì fẹ̀yìn tì. Láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá, kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ ni mo ń tú tí mo sì ń tún ṣe nínú yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Ìyá àwọn ọmọ mi ń pe yàrá náà ní ibojì irin. Kò burú. Ṣebí òkú ló ń jí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, Christopher Latham Sholes ni orúkọ rẹ̀, oníwèé-ìròyìn ni. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí táípúráítà wọn ní 1868. Ilé iṣẹ́ Remington, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìbọn àti ẹ̀rọ ìránṣọ, ló wá ń ṣe é, ó sì gbé e sọ́jà ní 1874. Ẹ ò rí ayé bí? Àwọn tó ń rọ ìbọn ló rọ ohun èlò akọ̀wé. Ọ̀dọ̀ Sholes yìí náà ni a ti rí Q, W, E, R, T, Y tó tò sókè títí di òní. Ó tò ó fún Gẹ̀ẹ́sì àti fún irin inú ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò ronú kan ẹnikẹ́ni tó ń kọ èdè mìíràn, kò sì sídìí tí ì bá fi ronú kàn wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ IBM ra ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe táípúráítà oníná ní 1933. Nígbà tó di 1961, wọ́n gbé Selectric jáde. Àwa tí a bá a pàdé ò lè gbàgbé ẹ. Dípò ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fò sókè lọ gbá ìwé, bọ́ọ̀lù kékeré kan tí lẹ́tà àti àmì 88 wà lára rẹ̀ ló ń yí, tó ń tẹ̀, tó ń jó lójú ìwé. Ìlú Lexington ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti ń ṣe é. Bọ́tìnnì rẹ̀ dùn lọ́wọ́ débi pé, nígbà tí IBM bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ tí kò ní irin kankan láti gbé mọ́, wàhálà dé: báwo ni ìka táípísì á ṣe mọ̀ pé lẹ́tà ti wọlé?

Ẹ fojú inú wò ó. Táípúráítà a máa dá ìka lóhùn. Irin gbéra, ó gbá ìwé, ara yín mọ̀ ọ́n. Ti kọ̀ǹpútà, iná kàn kọjá ni, ó tán. Táípísì tí ojú rẹ̀ wà lára ìwé tó ń dà kọ, tí ìka rẹ̀ kò sì gbọ́ èsì, á máa tẹ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì, á máa fo òmíràn, á sì máa gbójú sókè wo ojú kọ̀ǹpútà nígbà gbogbo bí ẹni tó ń wo ọ̀nà àlejò. Iṣẹ́ ò ní yá.

Ìdáhùn tí IBM kọ́kọ́ mú wá ní àwọn ọdún 1970 wọ́n bí ojú. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi sábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, tó máa ń ta pàá bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Beam spring ni àwọn olùfẹ́ kíbọ́ọ̀dù ń pè é, àwọn kan nínú wọn sì ń búra pé kò tíì sí èyí tó dùn tẹ̀ tó o láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ó ga, ó wúwo, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹnjiníà IBM kan tó ń jẹ́ Richard Hunter Harris ló wá rí ọ̀nà tó rọrùn. Ìwé àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un lórí rẹ̀ jáde ní 1978.

Ọgbọ́n Harris rọrùn débi pé ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ yọ sípíríǹgì inú báírò, ẹ gbé e dúró lórí tábìlì, kí ẹ fi ìka tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á kọ́kọ́ súnkì díẹ̀, á máa bá ìka yín jà. Bó bá dé ibì kan, á kàn rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì, bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ìyẹ̀ yẹn ni Harris mú lò. Ó fi sípíríǹgì sínú páìpù ike kékeré kan, ó fi ìdí rẹ̀ há òòlù ike kékeré tó lè mì. Bí sípíríǹgì bá ti rọ́, òòlù á fò, lẹ́tà á wọlé. Sípíríǹgì á gbá ara páìpù, ìyẹn sì ni "ká" tí etí ń gbọ́. Ìka mọ̀ ọ́n, etí gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà gbà á, lẹ́ẹ̀kan náà. Táípísì lè padà sójú ìwé rẹ̀.

Irú kíbọ́ọ̀dù yìí ló bá IBM PC jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, nígbà tí èyí tó pọ́ọ́kú jù nínú kọ̀ǹpútà náà jẹ́ 1,565 dọ́là. Bọ́tìnnì 83 ló ní. Model F ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń tún un ṣe. Nínú rẹ̀, òòlù kékeré yẹn kì í fara kan wáyà rárá. Bó ṣe ń súnmọ́ pátákó wáyà tàbí tó ń jìnnà sí i ni iná inú pátákó fi ń mọ̀ pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì. Ohun tí kò bá ha ara wọn kì í tètè jẹ, ìdí nìyẹn tí Model F tó ti lé lógójì ọdún fi ń ṣiṣẹ́. Irin pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló dì í mú. Ẹ lè fi pa ejò kí ẹ tún fi kọ lẹ́tà pé ẹ ti pa á.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó wọlé. Láti bí 1985, IBM bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Model M. Sípíríǹgì Harris ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irin òkè di ike, pátákó wáyà sì di ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí òòlù ń tẹ̀ pọ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ di 101, wọ́n sì tò wọ́n bí ẹ ṣe ń rí wọn lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù lónìí: F1 dé F12 lókè, ọfà mẹ́rin nísàlẹ̀, nọ́ńbà lápá ọ̀tún. Ìtò yẹn ni gbogbo ayé gbé. Ohun tó ń dùn mí nínú Model M ni bí wọ́n ṣe dì í. Wọn ò lo bóòtù. Àwọn ìka ike kéékèèké, bí àádọ́ta, ni wọ́n mú gba inú irin ẹ̀yìn kọjá, wọ́n wá fi iná yọ́ orí wọn, ó di pinpin. Ó yá ní ilé iṣẹ́, ó dín owó kù. Ṣùgbọ́n ike ń gbó; bó bá gbó, àwọn orí yẹn á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, irin àti ike á là sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bọ́tìnnì á sì máa dún bí ìkòkò tó ti sán. Èmi ò dá ẹni tó ṣe é lẹ́bi. Ta ló ń ṣe ohun èlò ọ́fíìsì tó rò pé ẹnì kan á ṣì máa lò ó lẹ́yìn ogójì ọdún?

Lexington ni wọ́n ti ń ṣe é, àti Greenock ní ilẹ̀ Scotland. Ní 1991 IBM ta ẹ̀ka Lexington, ó di Lexmark. Ní 1996 Lexmark náà ní òun ò ṣe kíbọ́ọ̀dù mọ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Unicomp ló ra àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, tó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ nínú ìlú kan náà. Nígbà yẹn, ọjà ti yí padà. Kọ̀ǹpútà ń pọ̀ sí i, owó rẹ̀ ń já wálẹ̀, ẹni tó ń tà á ò sì fẹ́ ná owó gidi lórí kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n tẹ́ rọ́bà rírọ̀ kan ṣoṣo sábẹ́ gbogbo bọ́tìnnì. Ó dákẹ́. Ó fúyẹ́. Bó bá bàjẹ́, ààtàn.

Báwo ni àwọn àgbà irin yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Bí mọ́tò tòkunbọ̀ ṣe ń dé náà ni. Ọ́fíìsì kan nílùú òyìnbó á kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde, ẹnì kan á kó o sínú kòǹtẹ́nà, ó di Alábà, ó di Otigba ní Ìkẹjà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá ihò kọ̀ǹpútà tuntun mu, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ní 2011 mo rí Model M kan lábẹ́ òkìtì wáyà. Ọmọkùnrin tó ni ìsọ̀ wò mí tìyanu-tìyanu.

"Bàbá, eléyìí ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ o. Ó ti dàgbà jù."

Mo ní, "Ọmọ mi, èmi náà ti dàgbà. Èló ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ mú ẹgbẹ̀rún kan wá, sà."

Mi ò ná an. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n lè ka ìwé ìbí rẹ̀, torí pé gbogbo Model M ló ní bébà kékeré lẹ́yìn, tí nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà 1391406 ló wà lára ti ọjọ́ náà, ìyẹn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì pọ́n-ùn sì wà lókè 3. Ó wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ tó sùn.

Iṣẹ́ rèé. Bóòtù mẹ́rin ló di ìta rẹ̀, wọ́n jìn sínú ihò, orí wọn ní igun mẹ́fà, mílímítà 5.5 ni ìwọ̀n rẹ̀. Sípánà lásán ò wọ ibẹ̀, àfi sípánà ọlọ́pàá tí ara rẹ̀ tín-ín-rín. Bó bá ṣí, ẹ gbé e nàró kí ẹ mì ín díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, orí àwọn ìka ike tó ti kán nìyẹn.

Ẹ yọ àwọn bọ́tìnnì kúrò lórí rẹ̀. Níbí yìí lẹ ó ti rí ọgbọ́n mìíràn. Ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì Model M jẹ́ alápá méjì, ìdí àti fìlà, fìlà nìkan ni lẹ́tà wà lára rẹ̀. Bí IBM bá fẹ́ ṣe kíbọ́ọ̀dù fún àwọn ará Faransé, Jámánì tàbí Ítálì, fìlà ni wọ́n ń pààrọ̀. Lẹ́tà yẹn kì í sì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn. Ooru ni wọ́n fi mú aró wọnú ike, bí aró àdìrẹ ṣe ń wọ aṣọ. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ fún ogún ọdún, kò ní pa rẹ́.

Nínú ihò tí bọ́tìnnì fi sílẹ̀, ẹ ó bá ìtàn gbogbo ọ́fíìsì tó ti gbà kọjá: irun, èérún bisikíìtì, pín-ìnnì ìwé, eruku tó ti di òwú, àti, bó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní Èkó, ẹsẹ̀ aáyán. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ àwọn fìlà, kí ẹ sá wọn síbòòji.

Dídì ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ dojú ibi tí bọ́tìnnì wà délẹ̀ kí sípíríǹgì má baà fọ́n ká. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé orí gbogbo ìka ike, èyí tó kán àti èyí tí kò tíì kán, torí èyí tí kò tíì kán ń bọ̀ wá kán. Irin ẹ̀yìn á ṣí kúrò, ọ̀rá mẹ́ta á tẹ̀lé e. Ẹ wá lu ihò sí ojú ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan ti dìde, mílímítà kan ààbọ̀, bóòtù tí a fẹ́ fi sí i sì jẹ́ mílímítà méjì, kí eyín rẹ̀ lè jẹ ike náà kó tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀tì. Ibí ló ń gba sùúrù. Ike ti gbẹ. Bí ẹ bá kánjú, ó là. Ọwọ́ ni mo fi ń yí dírílì tèmi, mi ò kì í lo oníná. Ihò mẹ́wàá, mo sinmi, mo mu omi. Bí ẹ bá ń di bóòtù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín bọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má sì fún un pa. Bó bá fún jù, ike á là. Bó bá dẹ̀ jù, lẹ́tà ò ní wọlé. Bí ẹ bá ti dì í tán tí ẹ tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́, ohùn tó ti há á tún dún ketekete.

Ti Model F yàtọ̀. Irin méjì rẹ̀ fi eyín há ara wọn ni, kò sí ìka ike níbẹ̀. Fóòmù ni àìsàn tirẹ̀. Fóòmù fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń fún gbogbo nǹkan mọ́ àyè wọn. Lẹ́yìn ogójì ọdún, bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ó di ẹ̀tù. Ẹ ó gé tuntun, ẹ ó lu ihò bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sí i, ẹ ó sì wá ẹni tó lágbára tí á bá yín fún irin méjèèjì mọ́ra títí wọn á fi há. Ìpẹtà tó bá wà lára irin, ẹ ha á kúrò kí ẹ kùn ún.

Àwọn kan tún ń sọ ara kíbọ́ọ̀dù tó ti pọ́n di funfun. Láti 2008 ni ọgbọ́n yẹn ti gbilẹ̀: hydrogen peroxide, èyí tí àwọn onídìrí fi ń yí àwọ̀ irun padà, ni wọ́n ń kùn sí i, wọ́n á sá a sóòrùn. Ó ń funfun lóòótọ́. Èmi kì í ṣe é, torí ó tún lè pọ́n padà, àgbà tó sì pa ewú láró, ewú ṣì wà nídìí. Àwọn mìíràn ń ki okùn fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín sínú sípíríǹgì kí ariwo lè dín kù. Irú wọn ni àwọn tí ìyàwó wọn ti fẹ́ lé jáde nílé.

Gbogbo èyí, àtúnṣe ni. Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí wà níwájú díẹ̀, nínú ọpọlọ kíbọ́ọ̀dù.

Bí ẹ bá tẹ A, kíbọ́ọ̀dù kì í rán A sí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà ibi tí bọ́tìnnì náà wà ló ń rán. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu pé nọ́ńbà báyìí, A ni. Ti 1981 ní bó ṣe ń sọ nọ́ńbà tirẹ̀, ti 1984 ní tirẹ̀, ẹnu wáyà sì tún yí padà ní 1987. Ihò USB tí à ń lò lónìí ò jáde títí di 1996. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ìkẹjà yẹn fi ní ó ti dàgbà. Àwọn olùfẹ́ kíbọ́ọ̀dù ló wá ṣe ògbifọ̀: pátákó kékeré kan tí ọpọlọ wà lórí rẹ̀, tí kò ju ìka méjì lọ, tó ń gbọ́ èdè àtijọ́ tó sì ń sọ tuntun. Ètò tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, bí èyí tó ń jẹ́ QMK, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí i kó yí i padà. Ògbifọ̀ tí ẹ bá kọ́ ní iṣẹ́ lè ṣe ju ìtumọ̀ lọ. Ẹ lè sọ fún un pé bọ́tìnnì yìí kì í ṣe ohun tí IBM pè é mọ́, ohun tí mo bá pè é ló ń jẹ́.

Ẹ wá rántí Sholes. Èdè wa ní lẹ́tà tí kò mọ̀: ẹ, ọ, ṣ. Láti ayé Àjàyí Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, dé ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875, dé ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974, àríyànjiyàn lórí bí a ó ṣe kọ Yorùbá pọ̀, síbẹ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn ò kúrò níbẹ̀. Táípúráítà ò bìkítà. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, bí a bá fẹ́ tẹ ọ, a ó tẹ o, a ó dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, a ó yí ìwé sókè díẹ̀, a ó tẹ àmì ìdánudúró sábẹ́ rẹ̀, a ó tún yí ìwé padà. Ìgbésẹ̀ márùn-ún fún lẹ́tà kan! Àmì ohùn ńkọ́? Báírò ni. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀gá á jókòó ti ìwé náà, á máa fọwọ́ sàmì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò sì ráyè, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù, àti oko tí àgbẹ̀ ń lọ ṣe di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí ìwé: oko.

Kò sì jẹ́ pé kò ṣeé ṣe. Ní Fulton Street ní New York, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Martin Tytell, tó fi bí àádọ́rin ọdún tún táípúráítà ṣe, tó sì yí wọn padà fún èdè àti ẹ̀ka èdè 145. Á jó lẹ́tà irin kúrò lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀, á fi léèdì lẹ òmíràn mọ́ ọn. Wọ́n ní nígbà tó ń ṣe ti èdè Burma, ó lẹ lẹ́tà kan lódìkejì, àwọn ará Burma sì gbà á bẹ́ẹ̀, ó di àṣà. Tytell kú ní 2008. Mo máa ń ronú sí lẹ́tà yẹn. Ọkùnrin kan nínú ìsọ̀ kan ní New York dorí lẹ́tà orílẹ̀-èdè kan kodò, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ ẹ̀ ni léèdì wà. Ẹni tí léèdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pinnu lẹ́tà tí ìka ẹlòmíràn á bá nílẹ̀. IBM ṣe fìlà fún Faransé, ó ṣe fún Jámánì. Nínú gbogbo èyí tí mo ti tú, mi ò tíì rí fìlà Yorùbá kan.

Lóòótọ́, ètò tó ń kọ Yorùbá ti wà fún kọ̀ǹpútà àti fóònù báyìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni ìyẹn ń gbé. Ẹ kúrò nídìí kọ̀ǹpútà yẹn, ó tán. Èyí tí mo kọ́ ògbifọ̀ mi ń bá kíbọ́ọ̀dù lọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lágbàáyé ti ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò Unicode: 1EB9 ni ẹ, 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ. Bí mo bá di Caps Lock mú, bọ́tìnnì tí èmi ò rí ìwúlò rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé, tí mo sì tẹ E, ògbifọ̀ á sáré tẹ nọ́ńbà náà fún kọ̀ǹpútà, ẹ á jáde. Àfi kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un bóyá Windows ni tàbí Linux, torí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba nọ́ńbà kò dọ́gba. Fún àmì ohùn, bọ́tìnnì méjì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún P ni mo mú: ti àkọ́kọ́ fún ohùn ìsàlẹ̀, ìkejì fún ohùn òkè. Ẹ sì wo nǹkan ìyanu: ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni, 1EB9 fún lẹ́tà, 0301 fún àmì orí rẹ̀. Lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, àmì á tẹ̀lé e, bí báírò ọ̀gá wa ṣe máa ń tẹ̀lé táípúráítà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ mi jẹ́ olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kó oríkì ìdílé wọn jọ sínú ìwé. Ìka méjì péré ni bàbá náà fi ń tẹ̀wé. Ó tẹ ọkọ, ó tẹ ọkọ́, ó tẹ ọkọ̀, ó wò ó títí, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mi ò rò sí: torí pé òun ń wo bọ́tìnnì kóun tó tẹ̀ ẹ́, báwo lòun á ṣe dá èyí tó lè di Yorùbá mọ̀? Àwa tí wọ́n da aṣọ bo ọwọ́ wa kì í ronú kan irú ìyẹn. Mo yọ fìlà E, O àti S, mo fi abẹ́rẹ́ tí mo ti yan nínú iná sàmì kékeré kan sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ike náà le, iná gidi ló fẹ́ kó tó gbà. Mo fi yíǹkì dúdú kún ojú àmì náà, mo nu ìyókù kúrò.

Mẹ́ta ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Ẹ̀kẹrin, Model F kan, wà lórí tábìlì. Fóòmù rẹ̀ ni mò ń gé lọ́wọ́.